Abúlé tí Wọ́n Fi Ọ̀dà Pa Rẹ́ ní Ẹsẹ̀ Òkè Abuké

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn mi kò lọ jìnnà mọ́. Àgbà tí ó rí ìwà ibi tí ó sì pa ẹnu mọ́, ó ti bá ẹni tí ó hù ú pín nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ọba. Ọ̀rọ̀ àwòrán ni. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí a ṣe ń ya àwòrán òkè ní agbègbè wa yìí nígbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbé mi. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí àwọn kan ṣe fi búrọ́ṣì pa odindi abúlé rẹ́ kúrò ní ẹsẹ̀ òkè kan, kí wọ́n tó mú kátápílà wá. Èmi kò ní í pariwo. Ṣùgbọ́n èmi kò ní í gbé e mì, nítorí ohun tí a bá gbé mì, inú ẹni nìkan ni í mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí nígbà náà. Àwòrán yíyà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rẹ́ mi Lásísì ni ó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ káfíńtà, òun náà sì mọ búrọ́ṣì lò dáadáa. Ọkùnrin gíga ni, ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi ìparí ọdún, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ètè ń là, tí àwọn abiyamọ ń wá òrí tí wọn yóò fi pa ara ọmọ, àwa méjèèjì yóò di ẹrù wa mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀nà Ìrawọ̀. Pépà wà nínú ọ̀pá oparun kí ó má baà ká, èédú àti pẹ́ńsùlù wà nínú agolo mílíìkì, gààrí wà nínú àpò, omi sì wà nínú kèrègbè. A kò gbé ọ̀dà lọ. Ìlà nìkan ni a ń fà lójú oko. Kíkùn di ìgbà òjò, nínú ilé.

Ẹ̀yin ti òde òní, ẹ ó gbé fóònù sókè, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ó parí. N kò bá yín jà. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, ṣùgbọ́n ẹṣin ẹ̀yìn lè yára ju ti iwájú lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tí ó bá jókòó sórí àpáta láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ àtàrí, tí ó ń wo òkè kan ṣoṣo, òkè náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Yóò gbọ́ àparò tí ó ń ké nínú koríko. Yóò gbọ́ fèrè àwọn Fúlàní darandaran láti ọ̀nà jíjìn, àti ìró àáké kan ṣoṣo, àti bí koríko gbígbẹ ṣe ń ta pàrà-pàrà níbi tí iná àwọn ọdẹ ń jó bọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni yóò bá ọwọ́ rẹ̀ wọ inú pépà.

Ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti inú igbó kìjikìji wá yóò sọ pé koríko lásán ni. Ojú àlejò ni, ó là ṣùgbọ́n kò ríran. Koríko tí iná ti jó a dúdú bí ìdí ìkòkò, èyí tí iná kò tíì dé a pọ́n bí oyin. Ewé èmì, igi tí a ti ń rí òrí, kì í kọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé rárá bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Pupa wẹ́wẹ́ ni, bí etí ọmọ ìkókó. Àwọn òkè a sì tò tẹ̀lé ara wọn dé òpin ojú. Èyí tí ó sún mọ́ni ní àwọ̀ eérú, èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ dà bí aṣọ ẹtù tí a ti fọ̀ fọ̀ fọ̀, èyí tí ó jìnnà jù lọ ni a kì í mọ̀ bóyá òkè ni tàbí òfuurufú. Lásísì a máa sọ pé, "Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, mímí la ó mí sí pépà, a ò ní í fọwọ́ kàn án."

Láàárín Ìrawọ̀ àti Òfìkì ni Òkè Abuké wà. Ó ní iké lẹ́yìn lóòótọ́, bí àgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti mú nǹkan nílẹ̀. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni abúlé kékeré kan wà, ilé amọ̀ mélòó kan tí wọ́n yí àgbàlá ká, àti ebè iṣu tí ó gun ara òkè lọ títí àpáta fi dá a dúró. Bàbá Sábítíù ni olórí ibẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ọdẹ ni, ó ń kírun ní òwúrọ̀, ó sì ń sun ìjálá ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tí ó rí àléébù níbẹ̀. Ìyá Sábítíù, ìyàwó rẹ̀ àgbà, ni ó ń ṣe òrí tí ó dára jù lọ ní gbogbo agbègbè náà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a dé ibẹ̀ ni mo ṣi ẹsẹ̀ gbé. Mo na ọwọ́ tí mo fi di pẹ́ńsùlù mú, mo di ojú kan, mo ń fi àtàǹpàkò wọn gíga òkè lára pẹ́ńsùlù, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́. Mo gbọ́ tí ẹnìkan kọ háà lẹ́yìn mi. Bàbá Sábítíù ni.

"Tíṣà, kí ni òkè ṣe fún yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Mo ń wọ̀n ọ́n ni."

"Ẹni tó fẹ́ yìnbọn ló ń dijú kan. A kì í dijú kan wo òkè yìí. Nígbà ogun, orí rẹ̀ ni àwọn bàbá wa sá sí. Ojú méjèèjì ló fi wò wọ́n."

Mo wó lulẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Lásísì ní tirẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ forí jì í, Bàbá. Ojú kan náà ló fi wo ìyàwó rẹ̀ kó tó fẹ́ ẹ."

Ìyá Sábítíù dáhùn láti ilé ìdáná, kò tilẹ̀ yọ orí síta. "Abájọ tó fi ń jẹ iyán oníkókó!"

Láti ọjọ́ náà lọ, ojú méjèèjì ni a fi ń wọn òkè. A ó di ìkúùkù, a ó máa gbé e lé orí ara wọn láti ẹsẹ̀ òkè títí dé iké rẹ̀. Bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi náà nìyẹn, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Olùbẹ̀wò kan láti Ìbàdàn bi mí ibi tí mo ti rí ọ̀nà yìí. Mo ní lọ́dọ̀ òkè ni.

Mo ti ń fi òrí sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra òrí nínú ike lónìí kò mọ ohùn rẹ̀. Àwọn obìnrin a jókòó yí ọpọ́n ká, wọn a ti fi ọlọ lọ èso èmì tí wọ́n yan, wọn a wá máa fi ọwọ́ pò ó, pọ̀-tọ̀, pọ̀-tọ̀, pọ̀-tọ̀, títí èyí tí ó dúdú bí ẹrẹ̀ yóò fi di funfun lójú yín. Ìyá Sábítíù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun igi èmì láti já a. Èyí tí igi bá fúnra rẹ̀ jù sílẹ̀ ni ti ènìyàn, èyí tí ó kù lórí ni ti igi. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ fi àáké kan igi èmì nígbà náà. Lónìí, ẹ lọ wo ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, kí ẹ wo àpò èédú tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ènìyàn tí ó ń retí ọkọ̀. Igi èmì ni púpọ̀ nínú wọn.

Iléyá bá wa níbẹ̀ ní ọdún kan. Onígbàgbọ́ ni èmi, ṣùgbọ́n ta ni í kọ ẹran àgbò? Nígbà tí wọ́n tò sójú ilẹ̀ láti kírun, tí wọ́n sì pe Ọlọ́run ní títóbi, òkè gbà á lẹ́nu wọn, ó tún un pè. Àwọn ènìyàn kò ju ogójì lọ bí mo bá fi ojú wò ó, ṣùgbọ́n bí òkè ti ń gbè é, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé odindi Ṣakí ni ó wà lẹ́yìn wọn. Lásísì sọ fún mi lẹ́yìn ìrun pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì kírun pẹ̀lú ìjọ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Bí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀, tí kò sí ibi tí a lè lọ, a ó jókòó sí yàrá Lásísì, a ó na aṣọ mọ́ férémù igi, a ó fi ẹ̀kọ le e kí ó má baà mu ọ̀dà, a ó tẹ́ àwọn àwòrán ìlà wa sílẹ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Iṣẹ́ ìrántí ni. Pépà fún wa ní ìlà. Àwọ̀ wà ní orí wa. Nígbà mìíràn àwa méjèèjì a jà lórí àwọ̀ òjìji kan títí ìyàwó Lásísì yóò fi lé wa síta nínú òjò.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parí síbẹ̀, èyí sì ni àṣà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. A kì í fi àwòrán Òkè Abuké han ẹnikẹ́ni ní ìlú kí àwọn tí ó ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rí i. Bí ọyẹ́ bá tún dé, a ó gbé e padà lọ. Wọn yóò gbé e ti ara ògiri, gbogbo abúlé yóò sì pé lé e lórí bí ìgbà tí a bá gbé ìyàwó wálé.

"Kí ló dé tí ilé ìyàwó kékeré fi wà níwájú tèmi?" Ìyá Sábítíù ni ó bi mí bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ibẹ̀ náà ló wà."

"Ẹ sún un sẹ́yìn."

"Ìyá, ilé ni, kì í ṣe àpótí."

"Ẹ̀yin lẹ mú búrọ́ṣì lọ́wọ́. Ṣé òun náà ló bẹ̀ yín ni?"

Ìyàwó kékeré náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ gèlè. Bàbá Sábítíù dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo okùn ìkẹ́kùn òun, a kò sì rí i títí ọ̀rọ̀ náà fi tán.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ibi tí wọ́n ti ń ṣe àríyànjiyàn ni ewúrẹ́ kan ti gbọ́ òórùn ẹ̀kọ tí a fi le aṣọ. Nígbà tí a bojú wẹ̀yìn, ó ti jẹ igun àwòrán lókè lápá ọ̀tún. Ìyá Sábítíù ká ọwọ́ lérí. "Tíṣà, ẹ má bínú. Ewúrẹ́ mi ti jẹ ojú ọ̀run yín."

Lásísì ní, "Kò burú, Ìyá. Bí òjò kò bá rọ̀ lọ́dún yìí, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ ó bi."

Bí a ṣe gbé pẹ̀lú wọn nìyí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé ènìyàn ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kì í ṣe àmì lórí pépà. Nísinsìnyí ẹ fi etí sílẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun. Alága ìgbà náà ránṣẹ́ pè wá, ó ní òun fẹ́ àwòrán ńlá kan sí ara ògiri, èyí tí yóò fi Òkè Abuké hàn ní gbogbo ògo rẹ̀. Ayọ̀ wa kún. Odindi ìgbà òjò kan ni a fi ṣe é. Gbogbo ilé wà níbẹ̀, ilé ìdáná, ọ̀nà ẹsẹ̀, ebè iṣu, ewúrẹ́, èéfín. Ilé Ìyá Sábítíù sì hàn dáadáa. Alága wá wò ó. Ó rìn síwájú, ó rìn sẹ́yìn.

"Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn ahéré wọ̀nyí ń wá níbí?"

Lásísì ní, "Alága, abúlé ni. Àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀."

"Mo mọ̀. Àwọn àlejò pàtàkì ni yóò máa jókòó sí gbọ̀ngàn yìí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé inú èéfín là ń gbé. Ẹ yọ wọ́n kúrò, kí òkè dá dúró."

"Òkè yẹn kò dá dúró rí, Alága."

"Tíṣà, àwòrán ni mo ní kẹ́ ẹ yà. Mi ò ní kẹ́ ẹ ka iye ènìyàn."

A kọ̀. A fi ọ̀wọ̀ kọ̀, ṣùgbọ́n a kọ̀. Wọ́n gbé àwòrán náà lọ, a sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn, mo wọlé, mo gbé ojú sókè, n kò sì rí abúlé mọ́. Koríko ni ó wà níbẹ̀, koríko tí ó rí bákan náà láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ti mú ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ akẹ́rù wá láti fi ọ̀dà bo gbogbo rẹ̀. Orúkọ wa ṣì wà ní ìsàlẹ̀, bí ẹni pé àwa ni a ṣe é bẹ́ẹ̀.

A lọ bá Alága. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni. A lọ bá àwọn kánsílọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ilé inú àwòrán ni òjò ń pa ni. Lásísì sọ ọ̀rọ̀ kan bí a ṣe ń bọ̀ wálé, kò sì fi ṣe àwàdà: "Wọ́n ti pa wọ́n rẹ́ lójú. Ó ku kí wọ́n pa wọ́n rẹ́ nílẹ̀." Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Lásísì fi jáde láyé, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Bàbá Sábítíù náà tẹ̀lé e. Àwọn alága ń lọ, àwọn alága ń bọ̀. Àwòrán náà wà lára ògiri. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó wá wo gbọ̀ngàn di ọ̀dọ́, wọ́n di òṣìṣẹ́, òkè tí ẹnikẹ́ni kò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì mọ̀. Ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́, ọkàn kì í bi í léèrè mọ́.

Nígbà náà ni àwọn tí ń fọ́ òkúta dé. Wọ́n fẹ́ Òkè Abuké. Ìjọba ìbílẹ̀ pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn, èmi náà sì lọ, pẹ̀lú ọ̀pá mi. Ìyá Sábítíù wà níbẹ̀; Sábítíù, tí irun orí òun náà ti ń funfun, ni ó dì í mú wọlé. Akọ̀wé kan tí ó mọ aṣọ wọ̀ ni ó dìde láti ṣàlàyé. Ó ní ilẹ̀ náà kò ní ẹni tí ó ń lò ó. Ó fi ọwọ́ sí ara ògiri.

"Ẹ wò ó fúnra yín. Àwòrán tí àwọn bàbá wa yà nìyí, kí wọ́n tó bí èmi. Kò sí ilé kan níbẹ̀."

Ìyá Sábítíù ní, "Èmi tí mo wà níwájú yín yìí ńkọ́?"

"Màmá, ẹ̀yin lè ti dé síbẹ̀ láìpẹ́."

"Láìpẹ́? Ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá ọkọ mi sí!"

"Kò hàn nínú àwòrán, Màmá."

Mo dìde. Mo ní èmi ni mo ya àwòrán náà pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi tí ó ti sùn, mo ní wọ́n fi ọ̀dà bo abúlé náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn wa. Akọ̀wé náà tẹrí ba fún mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, ẹ ṣeun. Àgbà a máa gbàgbé nǹkan nígbà mìíràn." Àwọn kan rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀.

Mo rìn lọ sí ibi tí àwòrán náà wà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ba iṣẹ́ wa jẹ́, ìbínú kò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn rí. Mo gbé gíláàsì mi sójú, mo wò ó láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹni tí ó bo ilé mọ́lẹ̀ kò fi ilé kankan sílẹ̀. Ó bo ilé ìdáná, ó bo ewúrẹ́, ó bo ebè iṣu. Ṣùgbọ́n kò bo ọ̀nà ẹsẹ̀. Ọ̀nà náà wà níbẹ̀, ó funfun, ó tẹ́, ó gba abẹ́ igi èmì kọjá, ó gun òkè díẹ̀, ó sì já sínú koríko bí okùn tí a fi ọ̀bẹ gé.

"Akọ̀wé, ẹ dákun. Níbo ni ọ̀nà yìí ń lọ?"

Ó sún mọ́ ọn. "Ọ̀nà orí òkè ni, Bàbá."

"Kò dé orí òkè. Ibí ló dúró sí. Ọ̀nà kì í là fúnra rẹ̀. Ta ló ń rìn ín?"

Alápatà kan ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn kígbe pé, "Iwin ni!"

Ẹlòmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Iwin tó ń ru iṣu lọ sọ́jà Ìrawọ̀!"

Gbọ̀ngàn hó gèè. Akọ̀wé náà ń na ọwọ́ pé kí wọ́n dákẹ́, wọn kò dákẹ́. Ìyá Sábítíù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí ọ̀nà náà já sí, ó sì fi í síbẹ̀.

"Ẹnu ọ̀nà mi nìyí," ni ó wí.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Lóòótọ́, wọ́n yí ohùn padà. Wọ́n ní abúlé kò ní í kúrò, wọ́n ní ẹ̀rọ kankan kò ní í gba ìhà ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ. Ẹ̀yìn òkè ni wọ́n gbà wọlé, láti ìhà Òfìkì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pe ìpàdé. Bí ẹ bá dúró ní àgbàlá Ìyá Sábítíù lónìí, òkè náà pé, ó sì lẹ́wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn yí i ká, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ. Wọ́n ti kó inú rẹ̀ tán, èèpo nìkan ni ó kù, bí igbá tí eku jẹ láti ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ gbohùngbohùn ìrun mọ́ níbẹ̀. Ìbúgbàù ni òkè ń tún pè báyìí, ògiri ilé àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn sì ń là. Orísun omi tí ó ń ti abẹ́ àpáta jáde ti di ẹrẹ̀. Gbogbo èyí bá àdéhùn mu. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ìwà ìkà: wọ́n fi òfin wẹ̀ ẹ́ mọ́ kí wọ́n tó hù ú.

Èmi tí mo ti ya iwájú òkè yẹn ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo ní kí Sábítíù fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ọyẹ́ tí ó kọjá. Mo jókòó sórí òkúta tí wọ́n ti fọ́, eékún ń dùn mí, eruku ń wọ̀ mí lójú, mo sì fa ìlà ohun tí mo rí: ihò náà, ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù, oko tí ó ti dá sí méjì, àti igi irúgbá kan ní etí ihò, tí ìdajì gbòǹgbò rẹ̀ ń fì nínú afẹ́fẹ́. Nígbà òjò mo kùn ún. N kò gbé e lọ sí gbọ̀ngàn kankan. Iwájú ilé mi ni mo gbé e kọ́ sí, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tí ó bá ń gba títì kọjá yóò ti rí i.

Ìjọba ìbílẹ̀ rán òṣìṣẹ́ kan sí mi ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ọmọlúàbí ènìyàn ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, wọ́n ní kí ẹ jọ̀ọ́ bá wọn gbé àwòrán yẹn wọlé. Wọ́n ní ó ń ba ìlú jẹ́."

Mo ní, "Ọmọ mi, ta ló ba ìlú jẹ́, ẹni tó gbẹ́ ihò ni, tàbí ẹni tó yà á?"

"Bàbá, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

"Mo mọ̀. Ìwọ náà wò ó dáadáa, kí o lè ròyìn rẹ̀ fún wọn."

Ó wò ó. Ó pẹ́ tí ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Bàbá, igi irúgbá ìyá mi nìyí. Ará Òfìkì ni wá. Abẹ́ ẹ̀ la ti ń jẹun lóko." Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. N kò mọ ohun tí ó lọ jẹ́ fún àwọn tí ó rán an.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, ọkọ̀ kan dúró sí iwájú ilé mi. Mo rò pé wọ́n ti wá gbé e lọ, mo sì di ọ̀pá mi mú. Òṣìṣẹ́ náà ni. Ó ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀, àwọn àgbà mìíràn láti Òfìkì sì tẹ̀lé wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú àpótí ìjókòó rẹ̀. Wọ́n kí mi, wọ́n jókòó sí iwájú àwòrán náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ júwe oko ta ni ó wà níbo, wọ́n sì ń já ara wọn nírọ́. Ìyá òṣìṣẹ́ náà sún àpótí tirẹ̀ mọ́ àwòrán náà. Ó na ọwọ́ sí igi rẹ̀.

"Tíṣà," ni ó wí, "ẹ kọ orúkọ mi sí ìdí igi yẹn, kí ẹni tó bá tún rán ọmọ mi wá síbí lè mọ̀ pé ilẹ̀ náà lólúwa."

Mo ní kí wọ́n bá mi mú búrọ́ṣì wá láti inú ilé. Mo tọ ọ́ bọ ọ̀dà dúdú. Mo ní, "Kí ni orúkọ yín, Ìyá?"

Ó dìde dúró kí ó tó sọ ọ́.